Lẹ́yìn Tí A Bá Tú Báńdéèjì: Ọ̀rọ̀ Àsọyé lórí Ojú Tí A Ṣiṣẹ́ Abẹ Fún, ní Ẹ̀pẹ́

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ará Èkó Ẹ̀pẹ́ àti Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́ tí ẹ jókòó síbí láàárọ̀ yìí, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Àwọn tó pè mí ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ìtọ́jú ojú, wọ́n sì ní kí n mú ibi tó bá wù mí nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo yan ibi tí mo máa sọ yìí. Ìyá kan tó ń ta ẹja yíyan ní ọjà Olúwo ló yàn án fún mi. Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, mo ń ra ẹja lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ẹnìkan sọ fún un pé nọ́ọ̀sì ojú ni mí. Ó gbé ọwọ́ kúrò lórí ẹja, ó wò mí, ó ní, “Nọ́ọ̀sì, ẹ má bínú sí mi o. Ṣé kì í ṣe abẹ yín yìí náà ló fọ́ ojú màmá mi?”

N kò dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀, nítorí ìbéèrè tí a ń fi ẹ̀rín dáhùn kọ́ nìyẹn. Ojú tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún tí kò sì ríran dáadáa wà lóòótọ́; òṣìṣẹ́ ìlera tó bá ní kò sí, irọ́ ló ń pa. Àmọ́ ohun tó lè mú kí ojú má ríran lẹ́yìn abẹ pọ̀, abẹ gan-an sì lè má sí lára wọn rárá. Kí a tó mọ ẹni tí ẹjọ́ náà kàn, ìbéèrè méjì ni a gbọ́dọ̀ bi ojú ọ̀hún: báwo lo ṣe ń ríran tó, àti pé ìgbà wo ni ọ̀rọ̀ rẹ bẹ̀rẹ̀? Ṣé kí a tó gbé ọ sórí tábìlì ni, ṣé orí tábìlì ni, àbí ẹ̀yìn ìgbà tí a dá ọ padà sílé?

Mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú yín ti mọ ohun tí kataráàtì jẹ́, nítorí náà n kò ní pẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn dúdú tó wà láàárín ẹyinjú, lẹ́ńsì kan wà tó mọ́ gaara bí omi òjò. Bí ọjọ́ orí bá ti ń lọ, lẹ́ńsì yìí a máa ṣú, a sì máa funfun díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dà bí omi ògì. Inú ojú ni funfun yìí wà. Kì í ṣe awọ tó hù bo ojú, ìdí nìyẹn tí kò fi sí oògùn tí ènìyàn lè kán síta tí yóò họ ọ́ kúrò, ì báà jẹ́ ti ilé ìwòsàn, ì báà jẹ́ àgbo, oyin tàbí ìtọ̀ màlúù. Dókítà ní láti la ojú níwọ̀nba, kó yọ lẹ́ńsì tó ti bàjẹ́, kó fi àpò tín-ín-rín tó gbé e dúró sílẹ̀, kó sì ki lẹ́ńsì àtọwọ́dá sínú àpò náà. Ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe ti àtọwọ́dá yìí, lọ́dún 1949, láti ọwọ́ dókítà kan tó ń jẹ́ Harold Ridley. Ó ti kíyè sí i nígbà Ogun Àgbáyé Kejì pé àfọ́kù fèrèsé bàálù tó wọnú ojú àwọn awakọ̀ òfuurufú lè wà níbẹ̀ pẹ́ láìjẹ́ kí ojú náà wú tàbí kó jẹrà. Láti ara àfọ́kù bàálù ogun ni ohun tó wà lójú bàbá tó jókòó sẹ́yìn yẹn ti wá. Ẹ jẹ́ kó máa fi yangàn.

Ó kan bí a ṣe ń wọn ojú. Ní ọjà, tí a bá bi ẹni tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún pé báwo ni ojú, yóò ní, “Ó dára, a dúpẹ́,” tàbí kó ní, “Kò dára.” Ìkíni nìyẹn. A kò lè pè é ní òdiwọ̀n. Ní ilé ìwòsàn, a máa ń mú ènìyàn dúró sí mítà 6 sí pátákó lẹ́tà, a ó bo ojú kan, a ó ní kó kà á. Ẹni tí kò mọ̀wé, a ó fún un ní èyí tó ní ẹnu mẹ́ta bíi fọ́ọ̀kì, tó kọjú sókè, sísàlẹ̀, sọ́tùn-ún tàbí sósì, yóò sì fi ọwọ́ júwe ibi tó kọjú sí. Bí a bá wá kọ 6/18 sínú káàdì rẹ̀, ohun tó túmọ̀ sí ni pé ó ní láti dúró sí mítà 6 kó tó rí ohun tí ojú tó péye ń rí láti mítà 18. Bó bá jẹ́ 6/60, nǹkan ti le díẹ̀: ohun tí ẹlòmíràn ń rí láti mítà 60, ó ní láti súnmọ́ ọn dé mítà 6. Bí kò bá rí èyí tó tóbi jù lórí pátákó, a ó bẹ̀rẹ̀ sí í na ìka ọwọ́ sí i.

Lọ́dún 1998, Àjọ Ìlera Àgbáyé fi òdiwọ̀n kan lélẹ̀ láti fi mọ̀ bóyá iṣẹ́ abẹ kataráàtì ní ibì kan dára tó. Nínú 100 ojú tí a ṣe, ó kéré tán 80 gbọ́dọ̀ lè rí 6/18 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bí aláìsàn ṣe wà, pẹ̀lú awò tó ní lọ́wọ́ tàbí láìní awò rárá. Bí a bá wá fi awò tó bá ojú náà mu gan-an sí i, iye yìí gbọ́dọ̀ tó 90. Àwọn tó bá burú ju 6/60 lọ kò gbọdọ̀ tó 5. Mo fẹ́ràn òdiwọ̀n yìí nítorí pé òótọ́ inú wà nínú rẹ̀. Kò sọ pé gbogbo ojú ni yóò là. Ó gbà pé níbi tí iṣẹ́ ti dára jù lọ pàápàá, àwọn díẹ̀ yóò wà tí kò ní ríran tó bí wọ́n ṣe fẹ́, ó wá ní kí wọ́n má pọ̀. Ẹ sì ṣàkíyèsí 10 tó wà láàárín 80 àti 90 yẹn. Awò lásán ló yà wọ́n. Màá padà síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tó ti wà kí abẹ tó dé. Gilakómà, àtọ̀gbẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru lè ba ẹ̀yìn ojú jẹ́ nígbà tí kataráàtì ń ba iwájú rẹ̀ jẹ́. Gilakómà máa ń pa iṣan tó so ojú mọ́ ọpọlọ, ohun tó bá sì pa níbẹ̀ kì í jí mọ́. Bí fèrèsé bá dọ̀tí, tí ẹni tó ń wò láti inú ilé sì ti kú, fífọ fèrèsé kò lè jí i. Èyí ló fà á tí a fi ń tan iná sójú kí a tó ṣe iṣẹ́ abẹ, láti wò ó bóyá dúdú ojú yóò sún kì nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá bá a. Èyí náà ló fà á tí a fi ń wọn ìfúnpá inú ojú, tí a sì ń yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wò. Kí iṣẹ́ abẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ bi dókítà yín léèrè tààrà: “Dókítà, kí ni ẹ rò pé ojú yìí máa rí?” Dókítà tó bá ní yóò rí ìmọ́lẹ̀ àti ọ̀nà ilé ṣùgbọ́n kò ní lè kàwé mọ́ kò fẹ́ ibi fún yín. Ó ti sọ òdiwọ̀n tí ẹ ó fi dá a lẹ́jọ́.

Ohun kejì tó máa ń ṣáájú abẹ ni abẹ́rẹ́ àwọn oníṣègùn arìnrìn-àjò. Wọn kì í yọ lẹ́ńsì. Ńṣe ni wọ́n máa ń fi nǹkan mímú tì í kúrò lójú ọ̀nà, tí yóò fi jábọ́ sẹ́yìn, sínú ojú níbẹ̀. Nínú ìwádìí ìfọ́jú tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà láti 2005 sí 2007, tí wọ́n yẹ ojú àwọn ẹni ọdún 40 sókè tó lé ní 13,000 wò, wọ́n rí i pé kataráàtì ló fa bíi 43 nínú 100 ìfọ́jú. Èyí tó dùn mí ni pé nínú àwọn ojú tí ẹnikẹ́ni ti fọwọ́ kàn nítorí kataráàtì, ó lé ní 40 nínú 100 tó jẹ́ pé abẹ́rẹ́ yìí ni wọ́n fi tì í, àti pé nínú àwọn wọ̀nyí, ó lé ní 70 nínú 100 tó ti fọ́. Ohun tó sì mú kí ọjà wọn máa tà ni ọjọ́ àkọ́kọ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, aláìsàn yóò ríran lóòótọ́, nítorí ohun tó dí ọ̀nà ti kúrò níbẹ̀. Yóò sanwó, yóò gbàdúrà fún oníṣẹ́. Kí ojú tó bẹ̀rẹ̀ sí í ta á, kí ìfúnpá rẹ̀ tó lọ sókè, oníṣẹ́ ti wọ ọkọ̀ lọ sí ìlú mìíràn. Ẹni tó bá fi ọjọ́ àkọ́kọ́ dá iṣẹ́ ojú lẹ́jọ́, yóò dá a sí ẹ̀bi nígbà tí kò jẹ̀bi, yóò sì dá a láre nígbà tí kò jàre.

Ní ti orí tábìlì, n kò ní fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ fún yín. Àpò tó gbé lẹ́ńsì dúró fẹ́lẹ́ ju awọ inú àlùbọ́sà lọ fíìfíì. Ó lè ya. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí wọ́n ṣe àkójọ iṣẹ́ abẹ kataráàtì tó lé ní 55,000, ó ya ní bíi 2 nínú 100. Bó bá ya, omi kíki tó wà lẹ́yìn ojú, èyí tó dà bíi funfun ẹyin adìẹ, lè yọ síwájú, dókítà yóò sì ní láti gé e kúrò, kó wá ibòmíràn tí lẹ́ńsì àtọwọ́dá yóò jókòó sí, tàbí kó fi í sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn. Ọ̀pọ̀ irú ojú bẹ́ẹ̀ ṣì ń ríran dáadáa. Ohun tí n kò fara mọ́ ni kí ó ṣẹlẹ̀ kí wọ́n má sọ fún aláìsàn, nítorí pé ojú tí àpò rẹ̀ ya nílò kí a máa ṣọ́ ọ ju àwọn tó kù lọ, aláìsàn tí kò sì mọ̀ kò lè ṣọ́ ohunkóhun.

Ọ̀kan nínú ohun tó ń mú kí àpò yìí ya wà lọ́wọ́ àwa fúnra wa. Àwọn àgbà kan máa ń ní kí kataráàtì gbó dáadáa kí a tó yọ ọ́, bí ẹni ń dúró de ọ̀gẹ̀dẹ̀ kó pọ́n. Nígbà àtijọ́, bí wọ́n ṣe ń ṣe iṣẹ́ náà nígbà yẹn mú kí ọ̀rọ̀ yìí ní ìtumọ̀. Lónìí, ọ̀rọ̀ náà ti yí padà. Kataráàtì tó bá ti gbó jù a máa le bí òkúta, tàbí kí ó wú, tàbí kí ó yọ́ dà sínú ojú kí ó sì gbé ìfúnpá ojú sókè. Bó ṣe le tó ni iṣẹ́ dókítà ṣe le tó, ewu rẹ̀ sì ń pọ̀ sí i. Nígbà tí ẹ kò bá ti rí owó kà lọ́jà mọ́, tí ẹ kò rí okùn àwọ̀n hun mọ́, ó ti gbó tó.

Mo wá dé ibi tí mo fẹ́ lo àkókò sí jù, ìyẹn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nílé. Ohun tó ń bà wá lẹ́rù jù lọ níbẹ̀ ni kí kòkòrò àìfojúrí wọ inú ẹyinjú. Kì í wọ́pọ̀, àmọ́ bó bá ṣẹlẹ̀, ó lè pa ojú láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ń da áyódíìnì sí ojú àti ìpéǹpéjú kí abẹ tó fọwọ́ kàn án. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2007, tí aláìsàn tó lé ní 16,000 ní orílẹ̀-èdè 9 ní Yúróòpù kópa nínú rẹ̀, wọ́n rí i pé fífi oògùn apakòkòrò tó ń jẹ́ cefuroxime sínú ojú ní ìparí iṣẹ́ abẹ dín ewu yìí kù sí bíi ìdá kan nínú márùn-ún. Iṣẹ́ ti dókítà nìyẹn. Èyí tó kù, ẹ̀yin àti àwọn ọmọ yín ni yóò ṣe é.

Ìgbà tí ọ̀rọ̀ kòkòrò yìí sábà máa ń yọjú ni láàárín ọjọ́ kẹta sí ọjọ́ keje. Ojú tó ti ń ríran bọ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú padà. Yóò máa ta, yóò pọ́n, yóò yọ ìpin, ìpéǹpéjú lè wú. Ẹ dákun, ẹ fetí sí èyí: lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ kataráàtì, ó yẹ kí ojú máa dára sí i lójoojúmọ́ ni. Ó lè máa rin ènìyàn, ó lè ṣe bí ẹni pé iyanrìn wà nínú rẹ̀, ìyẹn kò burú. Ojú tó rí lánàá tí kò rí lónìí, tó sì ń dun ènìyàn, kò gbọdọ̀ sùn mọ́jú nílé. Mo rántí apẹja kan, ẹni ọgọ́ta ọdún ó lé, tí ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ta á ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀. Ó ní ọjọ́ Ajé ni wọ́n kọ sínú káàdì òun pé kí òun padà wá, òun kò fẹ́ da ètò àwọn dókítà rú. Ọjọ́ Ajé ló dé lóòótọ́, ó wọ agbádá, ó kí gbogbo wa dáadáa. Ọyún ti dúró sínú ojú. Ìwà ọmọlúàbí rẹ̀ ló gba ojú lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti máa ń kọ ọ́ ní gàdàgbà sí ẹ̀yìn káàdì gbogbo ènìyàn pé ojú tó ń ta kì í dúró de ọjọ́ káàdì.

Nílé wa níbí, omi ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́. Omi ọ̀sà, omi kànga, omi inú garawa, kò sí èyí tó gbọdọ̀ wọ ojú náà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí dókítà bá sọ. Ẹni tó jẹ́ Mùsùlùmí, tí àwa tó pọ̀ jù níhìn-ín sì jẹ́, yóò béèrè pé àlùwàlá ń kọ́? Ẹ̀sìn ti fi àyè tayamọ́mù, ìyẹn fífi erùpẹ̀ dípò omi, sílẹ̀ fún aláìsàn tí omi lè pa lára. Ẹ bá àlùfáà yín sọ ọ́ kí ọjọ́ abẹ tó pé, kí ọkàn yín lè balẹ̀. Bákan náà ni ìforíkanlẹ̀, tí ènìyàn lè jókòó ṣe. Mo sì ti rí ẹni tó fi oògùn kíkán sílẹ̀ nínú oṣù Ràmàdáánì nítorí ẹ̀rù pé yóò ba ààwẹ̀ jẹ́, tí kò sì bi ẹnikẹ́ni léèrè. Ẹ béèrè.

Èéfín ni ìkejì. Ìyá tó ń yan ẹja kò lè padà sídìí ààrò ní ọjọ́ kẹta, kí ó sì máa fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Fífi ọwọ́ ra ojú ni ọ̀tá tó burú jù, ojú oorun ni ó sì máa ń ṣẹlẹ̀ jù. Torí rẹ̀ ni a fi ń fún yín ní ìbòjú ṣiṣu láti fi sùn. Kí ẹni tó ń kán oògùn fi ọṣẹ fọ ọwọ́, kó má jẹ́ kí ẹnu ìgò kan ojú. Oògùn náà sábà máa ń gba ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, a máa ń dín in kù díẹ̀díẹ̀ ni, a kì í fi í sílẹ̀ lójijì nítorí pé ojú ti dùn ún wò. Gbígbé agbọ̀n ẹja àti pípọn ọmọ náà ń dúró. Ẹ jẹ́ kí ọmọ-ọmọ sunkún díẹ̀.

Àwọn ìyókù, màá kàn dárúkọ wọn. Ìfúnpá ojú lè ga lọ́jọ́ kìíní, oògùn sì sábà máa ń mú un wálẹ̀. Dígí iwájú ojú lè wú kí ó sì ṣú fún ọjọ́ díẹ̀, pàápàá bí kataráàtì bá ti le. Ní bíi ọ̀sẹ̀ kẹrin sí ìkẹfà, omi lè gbá jọ sí ojúkò ìríran lẹ́yìn ojú, tí ohun tó tọ́ yóò máa wọ́. Àwọn alátọ̀gbẹ ni ó ń bá jà jù. Awọ ẹ̀yìn ojú lè ṣí kúrò láyè rẹ̀, kódà lẹ́yìn oṣù tàbí ọdún. Ẹni tó bá ń rí mànàmáná tí kò sí lójú ọ̀run, tó ń rí ọ̀pọ̀ nǹkan dúdú tó ń fò bí eṣinṣin, tàbí tó dà bíi pé aṣọ títa ń bo ojú rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan, kò sí ìrora níbẹ̀ rárá, síbẹ̀ ọjọ́ náà gan-an ni kó wá.

Ìkan wà tí mo gbọ́dọ̀ dúró lé díẹ̀, nítorí pé òun ni wọ́n fi ń sọ pé “kataráàtì ti padà.” Kataráàtì tí a ti yọ kì í padà, lẹ́ńsì àtọwọ́dá kì í funfun bíi ti àbínibí. Àpò tó gbé e dúró ni ó lè ṣú lẹ́yìn oṣù tàbí ọdún mélòó kan, ó sì wọ́pọ̀. Ìmọ́lẹ̀ lésà ni a fi ń ṣí ihò kékeré sáàárín rẹ̀, ènìyàn jókòó sórí àga, kò sí abẹ, kò sí rírán, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Ó máa ń ká mi lára bí mo bá rí ẹni tó ti gbà pé abẹ òun ti bàjẹ́, tó wá jókòó sílé ọdún mẹ́ta, fún ohun tí kò gbà ju kí a mu ife tíì kan.

Mo ṣèlérí pé màá padà sórí awò. Lẹ́ńsì tí a ń ki sínú ojú, a máa ń wọn ojú kí a tó yan nọ́ńbà rẹ̀, ṣùgbọ́n ìwọ̀n náà lè yẹ̀ díẹ̀, ojú tí a là sì lè jinná ní wíwọ́. Síwájú sí i, lẹ́ńsì àtọwọ́dá tí ọ̀pọ̀ ń lò kò lè sún bíi ti àbínibí, nítorí náà ẹni tó ń rí ọ̀nà jíjìn dáadáa yóò ṣì nílò awò láti kàwé tàbí kí ó fi okùn wọ abẹ́rẹ́. Ìbẹ̀wò ọ̀sẹ̀ kẹfà ni a máa ń fún ènìyàn ní awò yìí, ìbẹ̀wò náà sì ni àwọn ènìyàn kì í wá. Ojú ti là, owó ọkọ̀ ti gbówó lórí, ọmọ tó mú wọn wá níjọ́sí ti padà sí Lẹ́kì.

Mo ní kí ìyá ẹlẹ́ja mú màmá rẹ̀ wá. Wọ́n wá. Ìyá àgbà kò rí ju 6/60 lọ pẹ̀lú ojú tí wọ́n ṣe, ó sì ti jẹ́ bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti tú báńdéèjì, ọdún kejì rèé. Kò ta á rí, kò pọ́n rí. Mo gbé páálí tó ní ihò wẹ́wẹ́ sí i lójú, èyí tí a fi ń mọ̀ bóyá awò ni ojú nílò. Ó kà á dé 6/12. Kò sẹ́ni tó fún un ní awò rí, nítorí kò padà lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kìíní. Awò náà ti wà lójú rẹ̀ báyìí, ó ní ó ń wúwo nímú òun, àti pé òun kò mọ̀ pé ọmọ òun ti hu ewú tó bẹ́ẹ̀. Ojú kejì ti funfun pátápátá. Nígbà tí mo dárúkọ abẹ, ó bi mí bóyá wọn yóò fún òun ní awò lọ́tẹ̀ yìí kí wọ́n tó ní kí òun máa lọ. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, bí ó bá padà wá ní ọ̀sẹ̀ kẹfà. Ó ní kí n jẹ́ kí ọdún Kayọ̀kayọ̀ kọjá ná.